Forklift tó ń yí ọrùn, bó ṣe rí fún èmi tí mò ń wà á

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa forklift tó ń yí ọrùn yẹn, èyí tí iwájú ẹ̀ tó ń gbé ẹrù ń yí sọ́tùn-ún sósì, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi. Iṣẹ́ warehouse ni mò ń ṣe lẹ́bàá Northampton ní Ìlú Ọba níbí, counterbalance, ìyẹn forklift tí gbogbo èèyàn mọ̀ tí ìdí ẹ̀ wúwo kó lè gbé ẹrù iwájú, ni mo kọ́kọ́ ń wà kí wọ́n tó gbé mi sórí èyí. Bendi, orúkọ oríṣi kan lára ẹ̀, ni gbogbo wa ń pè é, ì báà jẹ́ oríṣi míì bíi Flexi tàbí Aisle-Master ni wọ́n rà.

Ààyè ló jẹ́ kí àwọn ọ̀gá rà á. Counterbalance ń fẹ́ bíi mítà 3.6 láàárín ráàkì kó tó lè ti pálẹ́ẹ̀tì wọlé, èyí ò ju bíi mítà 2 lọ. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ráàkì méjì tó kẹ̀yìn síra jẹ́ bíi mítà 2.2, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀nà kan kún un, 5.8 ni tàtijọ́, 4.2 ni ti báyìí. Ilé tó fẹ̀ ní mítà 30 tó ń gba ìlà ráàkì 10 tẹ́lẹ̀ á wá gba 14, bẹ́ẹ̀ wọn ò fi búlọ́ọ̀kù kan kún ilé. Owó rẹ́ǹtì warehouse níbí, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ o. Ó ń jáde lọ bá tírélà níta, á já ẹrù, á gbé e wọlé tààrà, ó di orí ráàkì. Reach truck, forklift inú ilé tó ń na apá wọ ráàkì, ò lè ṣe ìyẹn, táyà ẹ̀ kéré, kò fẹ́ràn òjò àti ilẹ̀ gbágungbàgun, torí ẹ̀ ni counterbalance ṣe máa ń já ẹrù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí reach tó wá gbé e, ẹrù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí dẹ́rẹ́bà reach bá wá lọ jẹun, ẹ ti mọ bí ẹnu ọ̀nà á ṣe rí. VNA, forklift tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà tó há gan-an, ń wọ ibi tó tún há ju tiwa lọ, àmọ́ wáyà inú ilẹ̀ tàbí irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń tọ́ ọ, ilẹ̀ ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Wàhálà ẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ti wa counterbalance pẹ́ ló ń jìyà jù, ẹ̀yìn nìyẹn fi ń yí, iwájú lèyí fi ń yí, tẹ́ ẹ bá sì ti yí orí ẹ̀ sọ́tùn-ún ìdí ẹ̀ á fẹ́ gbá òdì kejì. Ẹsẹ̀ ráàkì wa ti gbọgbẹ́ tán. Ìwé ẹ̀rí counterbalance ò tó fún un, ẹ máa kọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Méjì ò lè kọjá lára wọn nínú ọ̀nà kan, tí ọjà bá pọ̀ ẹ máa tò ni. Ọrùn tèmi náà ń dùn mí, gbogbo ìgbà ni mò ń wòkè.

Àwọn tó wà ní Agbára àti Ìkẹjà tó fẹ́ rà á, ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ yín àti iná yín, bátìrì lead-acid ń tó wákàtí 8 kó tó kún. Èyí tó ń lo gáàsì wà, ẹ bèèrè ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà á gbé e wá dánwò lórí ilẹ̀ yín, pẹ̀lú pálẹ́ẹ̀tì yín tó wúwo jù, níbi tó ga jù nínú ráàkì yín.