Láúǹjì àbí bẹ́ǹṣì: ibo ló dáa láti dúró de báàlù láyé ìgbà yẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ará Ògbómọ̀ṣọ́ wo ló máa ń dá nìkan lọ pápákọ̀ òfurufú láyé ijọ́un? Mọ́tò á kún ni! Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ya lọ Ìkẹjà, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n ṣí tuntun tó ń jẹ́ Murtala Muhammed ní 1979, màmá á gbé mọ́ínmọ́ín dání, bàbá á máa gbàdúrà, báàlù ò tíì dé, gbogbo wa á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àkókò ń lọ torí ẹ̀fẹ̀ ti pọ̀ jù.

Láúǹjì, yàrá ìsinmi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, òun ńkọ́? Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú American Airlines ló kọ́kọ́ ṣí i ní pápákọ̀ LaGuardia ní New York, 1939, Admirals Club ni wọ́n pè é. Owó kọ́ ló ń gbéni wọbẹ̀ nígbà yẹn o, àfi kí wọ́n pè ẹ́, èèyàn ńláńlá nìkan. Àga tìmùtìmù, ọtí, ìdákẹ́jẹ́. Ó dáa fẹ́ni tó rẹ̀, mi ò parọ́.

Bẹ́ǹṣì lèmi mú ṣá. Ní Amẹ́ríkà gan-an, kó tó di September 2001, ẹbí lè sìn ẹ́ dé géètì, tíkẹ́ẹ̀tì ò kàn wọ́n, ta ló wá ń wá láúǹjì?