Bàtà òsì 42, bàtà ọ̀tún 41

Bàtà tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan dára o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Awọ rẹ̀ rọ̀, ó sì dé kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Àfìgbà tí mo ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́ tí ọmọ ìka mi ká kò síbẹ̀. Mo yẹ abẹ́ ahọ́n bàtà wò: ti òsì, 42, ti ọ̀tún, 41. Inú páálí kan náà ni méjèèjì ti jáde.

Ìyẹn kò bí mi nínú, ta ni kì í ṣàṣìṣe? Fọ́ọ̀mù ìdápadà wọn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìdí mẹ́rin ni wọ́n tò síbẹ̀ pé kí n mú ọ̀kan: ó kéré jù, ó tóbi jù, àwọ̀ rẹ̀ kò wù mí, n kò fẹ́ ẹ mọ́. Kò sí àyè "ẹ̀yin lẹ ṣì í dì". Mo bá mú "ó kéré jù". Kíá ni ímeèlì wọlé, ó ń kọ́ èmi àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń wọn ẹsẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ìbínú ni.

Mo fi bàtà ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ojú òpó wọn sọ pé ó ti dé ilé ìkẹ́rùsí. Láti ìgbà náà, kẹ́kẹ́ pa. Ọjọ́ 11 gbáko! Owó mi wà lọ́wọ́ wọn, bàtà wà lọ́wọ́ wọn. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún ẹni tó bá rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti sọ pé òun kò ṣe mọ́, láìsọ ìdí kankan. Èmi tí mo ní ìdí, n kò rí ẹni bá sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejìlá, mo kọ̀wé, mo fi fọ́tò nọ́ńbà méjèèjì sí i. Èèyàn gidi ló fèsì: "Ẹ má bínú, a ti rí i, àwa la jẹ̀bi." Ó dá owó padà, ó fi owó ìfiránṣẹ́ kún un, ó sì ní yóò lo ọjọ́ díẹ̀ ní báńkì kó tó hàn. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Kò tilẹ̀ ni mí lára, torí mo mọ ohun tí mò ń dúró dè.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Méjì níbẹ̀, ti ẹni tó dá mi lóhùn ni. Mo ti padà ra ṣẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wọn nítorí rẹ̀. Bàtà ni ọwọ́ mi kò tíì yá sí.