Pátákó 3.3 volt fún bátìrì kan: ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò dúró

Aago ògiri kan kú nílé wa. Ọwọ́ rẹ̀ ò rìn mọ́, ṣùgbọ́n ilé bátìrì ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́ tónítóní, ó sì ṣe mí láàánú láti jù ú nù. Mo ní kí n sọ ọ́ di ohun tí yóò máa ké tí tánkì omi bá kún, torí gbogbo ìgbà tá a bá tan pọ́ǹpù la máa ń gbàgbé ẹ̀, tí omi á máa ya sí àgbàlá aládùúgbò. ATtiny85, ṣíìpù kọ̀ǹpútà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, ni mo fẹ́ kó máa ronú fún un. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé bátìrì AA kan péré ni ilé yẹn ń gbà. 1.5 volt ni bátìrì tuntun. ATtiny85V tó ń gba iná kékeré pàápàá ń fẹ́ 1.8.

Ohun tó gbé mi dé Alaba, ọjà ẹ̀rọ iná ní Èkó, nìyẹn. Mẹ́ta ni mo rà, ₦1,500 lẹ́yọ kan: pátákó tí kò ju èékánná lọ, tí wọ́n ní ó ń gba 0.8 volt sókè, tó sì ń pọ 3.3 jáde. Ihò mẹ́ta ló ní, GND (ti ìdí bátìrì), VI (ibi tí iná ń gbà wọlé), VO (ibi tó ń gbà jáde), pẹ̀lú kóìlì dúdú kan láàárín.

Àkọ́kọ́ jóná lọ́wọ́ mi. Mo fi orí bátìrì sí ibi tó yẹ kí ìdí wà, ó gbóná, ó rùn, ó parí. Kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ tó ń dáàbò bò ó, nítorí náà ẹ wo wáyà yín lẹ́ẹ̀mejì.

Èkejì dára. Bátìrì tuntun, tẹ́sítà mi ka 3.28. Mo ki èyí tí rímóòtù ti kọ̀, tó ku 1.1 volt: 3.27! Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìbejì. Ṣé ó ti lè sọ pé omi ti kún?"

Kò tíì lè sọ. Pẹ̀lú bátìrì ògbólógbòó yẹn, tí bọ́sà, ìyẹn ohun tó ń ké, bá ti fẹ́ ké, á pí, á dákẹ́, á tún pí, bí òròmọdìyẹ tó sọnù. Volt tí pátákó yìí ń fi kún un, amp ló fi ń san án. Bọ́sà mi ń jẹ 20 milliamp ní 3.3 volt, bátìrì tó ti di 1 volt á ní láti pèsè 66, ká má tíì ka èyí tó ń ṣòfò lọ́nà. Kò lè mí tó bẹ́ẹ̀, iná á wálẹ̀, ATtiny á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo fi kàpásítọ̀ 1000 microfarad, tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, sí ẹnu VO, mo sì gé igbe náà sí wẹ́wẹ́ kó lè máa sinmi. Ó gbọ́.

Ohun tí mi ò lè tún ṣe ni oúnjẹ tí pátákó náà ń jẹ. ATtiny ń sùn, ó ń jí ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ-mẹ́jọ, kò jẹ ju nǹkan bíi microamp márùn-ún lọ. Tẹ́sítà láàárín bátìrì àti pátákó ka 0.4 milliamp, ìyẹn 400 microamp! Ẹni tá a rán kó gbé oúnjẹ fọ́mọ ló jókòó sọ́nà tó ń jẹ ẹ́. Bátìrì 2000 milliamp-wákàtí ò ní pé oṣù méje.

Tí àyè bá wà fún bátìrì méjì lọ́dọ̀ yín, ẹ má ra pátákó yìí. 3 volt ni méjì, nígbà tí wọ́n bá sì fi já sí 1.8, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di 0.9, kò ku nǹkan kan nínú wọn mọ́. CR2032, bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, náà á gbé ATtiny, àmọ́ bọ́sà á mú un rẹ̀. Atmel, ilé iṣẹ́ tó ṣe ATtiny85, ṣe ATtiny43U tó gbé ohun tó ń gbé volt sókè ti ara rẹ̀ sínú, tó ń ṣiṣẹ́ dé 0.7 volt, ṣùgbọ́n mi ò rí i rà ní Alaba rí.

Mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún pátákó tí mo rà. Ó ṣì wà nínú aago ògiri yẹn, aládùúgbò ò sì tíì kan ilẹ̀kùn wa láti oṣù kejì.