Titanium Dioxide Méjì fún Omi Aró: P25 àti Ti Ọ̀dà Ìkunlé

P25, ìyẹ̀fun titanium dioxide tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì, èyí tí orúkọ ilé iṣẹ́ Degussa wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó di ti ilé iṣẹ́ Evonik, ni mo ń gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ titanium dioxide tí àwọn tó ń po ọ̀dà ìkunlé máa ń rà, nítorí èyí ló sún mọ́ wa jù ní Adó-Èkìtì, owó rẹ̀ sì kéré sí ti P25. Funfun báláú ni àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ tí a fẹ́ rán wọn ni kí wọ́n fi oòrùn pa àwọ̀ omi aró rẹ́, irú èyí tí àwọn aládìrẹ máa ń dà nù.

Ọdún 1972 ni Fujishima àti Honda ní Japan tẹ ìwádìí wọn jáde pé titanium dioxide lè fi agbára ìmọ́lẹ̀ tú omi sí hydrogen àti oxygen. Bí ìtànṣán bá lu hóró rẹ̀, electron kan á ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Àlàfo tó fi sílẹ̀ á gba electron lára omi àti OH tó lẹ̀ mọ́ ara hóró náà, ohun tó bá sì ti ibẹ̀ jáde ló ń fa èròjà aró ya. Ara òde hóró ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ti ọ̀dà ti ń kùnà, kì í sì í ṣe pé ó jẹ́ ayédèrú. Ńṣe ni àwọn tó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi alumina àti silica (aluminium àti silicon tó so pọ̀ mọ́ oxygen) bo ara rẹ̀, kí oòrùn má baà tipasẹ̀ rẹ̀ ba ọ̀dà jẹ́ lára ògiri. Ẹni tó fi í fọ omi gbé ìlù tí wọ́n faṣọ wé lọ sóde ijó ni. Sísun ún níná kò ràn án, nítorí iná kì í jó alumina àti silica. Hóró rẹ̀ tún tóbi tó nánómítà 200 sí 300 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà kan), nígbà tí ti P25 jẹ́ bíi 21, tí gíráàmù kan P25 sì ní ojú tó fẹ̀ tó nǹkan bí 50 m², láìsí ohun tó bò ó.

Ẹ̀rọ Raman, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ laser dá èròjà mọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Anatase àti rutile ni oríṣi titanium dioxide méjì tó wọ́pọ̀, bí hóró wọn ṣe tò ló yàtọ̀: anatase máa ń yọ gàgàrà ní 144 cm⁻¹, rutile ní 447 àti 612. P25 ń fi méjèèjì hàn, anatase sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí 80 nínú 100. Rutile ló sábà máa ń wà nínú ti ọ̀dà. Ṣùgbọ́n Raman kò lè fi ìbòrí tó fẹ́lẹ́ hàn dáadáa. XPS, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X yẹ ojú nǹkan wò, ni mo fọkàn tán fún ìyẹn, nítorí kì í wọlé ju bíi nánómítà 10 lọ, bí silicon àti aluminium bá sì wà lójú hóró, ẹ ó rí wọn.

P25 náà ní àbùkù. Ìtànṣán ultraviolet, tí kò ju bí 5 nínú 100 agbára oòrùn lọ, nìkan ló ń lò, ó sì ṣòro láti sẹ́ kúrò nínú omi. Ẹ má sì fi methylene blue nìkan jẹ́rìí pé ó ń ṣiṣẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, torí aró yẹn fúnra rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀. Ẹ bo imú nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n.

P25 ni mo fọwọ́ sí fún yàrá àyẹ̀wò. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá anatase ni tàbí rutile, àti ohun tí wọ́n fi bo ara rẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má sanwó.