Ọmọ ọdún 21 méjì: GlenDronach àbí Glenfarclas?

Skọ́tílándì ni wísíkì méjèèjì ti wá, inú àgbá tí wọ́n ti fi tọ́jú wáìnì ṣẹ́rì ti Sípéènì ni wọ́n sì ti lo ọdún 21 gbáko. Síbẹ̀, ìwà wọn ò jọra rárá.

GlenDronach, èyí tí wọ́n ń pè ní Parliament, dúdú bí oyin ìgàn. Àgbá Oloroso àti ti Pedro Ximénez, oríṣi wáìnì ṣẹ́rì méjì, ni wọ́n lò fún un. Èso àjàrà tí wọ́n sá sóòrùn ni wọ́n fi ń ṣe Pedro Ximénez, abájọ tí ọtí náà fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe gbé e sí imú, òórùn àjàrà gbígbẹ àti ṣokoléètì ló kọ́kọ́ kí mi. Ó kún ẹnu, ó ki. Nígbà tó yá, igi àgbá wá ń fún ahọ́n pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn rún orógbó. Agbára ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 48%, ẹ kán omi díẹ̀ sí i. Ẹ má fi yìnyín sí i o, òórùn yẹn á sá lọ!

Glenfarclas, tó ti wà lọ́wọ́ ìdílé Grant láti 1865, rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 43% ni. Ẹ̀pà yíyan àti èèpo ọsàn ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Kì í pẹ́ lọ́fun.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, GlenDronach ni tèmi, ife kékeré kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá jókòó tí ọ̀rọ̀ ò tán, Glenfarclas ni màá gbé jáde; owó rẹ̀ náà sábà máa ń dín sí ti ìkejì.