Ìgò H. Ricketts ti Bristol: ìdí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìgò àtijọ́ kan ṣoṣo tí ẹ ó fi kọ́ bí a ṣe ń dá iléeṣẹ́ tó ṣe ìgò mọ̀, èyí tí H. Ricketts ṣe ní Bristol, ní Ìlú Ọba, ni kí ẹ rà. Orúkọ ẹni tó ṣe é wà ní ìdí rẹ̀, ìyẹn ò sì wọ́pọ̀ lára ìgò tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìgò onígun mẹ́rin tí wọ́n fi kó jíìnì wọ ilẹ̀ wa. J. H. Henkes, A. C. A. Nolet àti Daniel Visser tí ẹ ń kà lára wọn, àwọn tó pọn ọtí ní Họ́láǹdì ni, wọn kọ́ ló ṣe ìgò. Bákan náà ni èdìdì gíláàsì tó máa ń wà léjìká ìgò wáìnì: “A.S.C.R.” tẹ́ ẹ máa rí lára àwọn kan tọ́ka sí kọ́lẹ́ẹ̀jì All Souls ní Oxford, ìyẹn àwọn tó ni wáìnì. Ẹni tó bá ka èdìdì tó lóun ti ka orúkọ iléeṣẹ́ ti ṣìnà.

Ọdún 1821 ni Henry Ricketts gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀, lórí mọ́ọ̀dù rẹ̀, ohun tí wọ́n ń fẹ́ gíláàsì gbígbóná sí nínú kó lè di ìgò. Ẹ̀yà mẹ́ta ni: ọ̀kan tó dà bí ife fún ara ìgò, àti méjì tó ń ṣí tó ń padé fún èjìká. Ẹsẹ̀ ni òṣìṣẹ́ fi ń tẹ̀ ẹ́. Òrùka irin tí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà sí wà nísàlẹ̀, ó sì ṣeé pààrọ̀. Iṣẹ́ mọ́ọ̀dù yẹn hàn lára ìgò: ìlà kan yí i ká níbi tí èjìká ti bẹ̀rẹ̀, ìlà méjì sì gba ibẹ̀ gòkè lọ sí ọrùn. Bí ìlà bá sọ̀ kalẹ̀ láti èjìká dé ìdí, mọ́ọ̀dù mìíràn ni.

Láti ka ìdí rẹ̀, ẹ rẹ ìgò sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ má lo omi gbígbóná, torí gíláàsì àtijọ́ máa ń sán. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí táwẹ́ẹ̀lì, ẹ pa iná yàrá, kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rá lórí ìdí náà. Ẹ máa yí ìgò díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà yóò yọ yípo ibi tó wọnú: “H. RICKETTS & CO. GLASS WORKS BRISTOL”. Bí gíláàsì bá ti tutù díẹ̀ kó tó kan òrùka, àwọn lẹ́tà kan kì í jáde, nígbà mìíràn “RICK” nìkan ló máa kù. Ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù rírọ̀ pa á. Ohun tójú ò rí yóò jáde sórí bébà. Àpá hángahànga tó wà láàárín ìdí kì í ṣe àbùkù. Ibẹ̀ ni irin di ìgò mú nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹnu rẹ̀. Ẹ má lọ̀ ọ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ “PATENT” tí wọ́n kọ sí èjìká àwọn ìgò kan ló ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Àwọn tó ń tajà ní gbàǹjo a máa pe ohun gbogbo tó bá ní ọ̀rọ̀ yẹn ní Ricketts, bẹ́ẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà náà lo irú mọ́ọ̀dù yìí: Dyottville ní Philadelphia, Willington ní Connecticut, Whitney ní Glassboro, Weeks & Gilson ní South Stoddard. Àwọn náà kọ orúkọ tiwọn sí ìdí. Bí “PATENT” bá wà léjìká tí ìdí sì mọ́ lóló, ìgò aláìlórúkọ ni. Iye tí wọ́n ń ta aláìlórúkọ ni kẹ́ ẹ san.

Àwọ̀ ò ran yín lọ́wọ́. Dúdú ni ìgò yìí lójú, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gbé e sójú iná, ó di àwọ̀ ewé tó ṣú. Irin tó wà nínú yanrìn ló fà á, yanrìn tó nírin nínú sì pọ̀ níbi púpọ̀.

Àwọn kan á ní ká ra ìgò Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní “Pitkin” dípò rẹ̀, torí ó rẹwà jù, òótọ́ sì ni. Iléeṣẹ́ Pitkin ṣiṣẹ́ ní Manchester, Connecticut, láti 1783 sí 1830. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ti di orúkọ irú ìgò: iléeṣẹ́ púpọ̀ ló ṣe ìgò pẹlẹbẹ tó ní ìlà lílọ́ lára, kò sì sí èyí tó kọ orúkọ sí i. Bẹ́ ẹ bá ka ìlà náà tó jẹ́ 36, ó sábà máa ń tọ́ka sí New England. 24 tọ́ka sí Zanesville ní Ohio. Agbègbè nìyẹn, kì í ṣe iléeṣẹ́. Ẹ rà á fún ẹwà rẹ̀, kẹ́ ẹ má sanwó orúkọ.

Bẹ́ ẹ bá ń ra Ricketts látòkèèrè, ẹ ní kí ọlọ́jà ya fọ́tò ìdí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, àti òmíràn tó fi ìlà èjìká hàn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi ìgò rẹ̀ sílẹ̀.