Ẹ̀rọ Ìpọntí Àfọwọ́darí àti Adáṣiṣẹ́: Èwo Ló Yẹ Ilé Ìpọntí Kékeré?

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìpọntí, èyí tó ń se ọtí kí èéfín rẹ̀ lè tutù di ọtí líle, máa ń gbé ka iwájú ẹni tó fẹ́ rà: èyí tí ọwọ́ ènìyàn ń darí pátápátá, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti èyí tó wà láàárín méjèèjì. Lójú tèmi, èyí àárín ló yẹ ọ̀pọ̀ jù lọ, nítorí pé iṣẹ́ inú ìpọntí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ooru ìdí ìkòkò àti omi tútù tó ń gba inú kọ́ńdẹ́nsà (ibi tí èéfín ti ń tutù di ọtí) kọjá. Ẹni tó ń fi ọwọ́ darí wọn ní láti jókòó ti fáàfù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí pé bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́sàn-án, tàbí tí agbára rẹ̀ bá dínkù nítorí pé ẹlòmíràn ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi, ọtí tó ń kán yóò ti yí padà kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ sàn ju ènìyàn lọ níbí. Sẹ́ńsọ̀ PT100, ohun tó ń wọn ooru, ń ka ìwọ̀n rẹ̀ láìdáwọ́dúró, ẹ̀rọ olùdarí PID, tó ń ṣírò bí ìwọ̀n náà ṣe jìnnà sí èyí tí a fẹ́, sì ń ṣí fáàfù tàbí ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, láìmọ àárẹ̀. Èrè rẹ̀ pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ olópòó gígùn, tí èéfín ń gba inú òpó rẹ̀ gòkè kí ó tó dé kọ́ńdẹ́nsà. Lórí ìkòkò tí kò ní òpó, kò tó nǹkan.

Ti yíya ọtí sọ́tọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọtí tó kọ́kọ́ kán kò ṣeé mu, èyí àárín ni a ń tà, èyí ìkẹyìn sì ní òórùn tó wúwo. Àwọn kan gbà pé níwọ̀n bí mẹ́tánọ́ọ̀lù ti ń hó ní 64.7°C, tí ẹ́tánọ́ọ̀lù ń hó ní 78.4°C, tí omi sì ń hó ní 100°C, sẹ́ńsọ̀ lè fi ìwọ̀n ooru yà wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àdàlù kì í hó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Líle ọtí inú rẹ̀ àti agbára afẹ́fẹ́ àyíká ló ń pinnu ìwọ̀n tí sẹ́ńsọ̀ yóò kà. Níbi tó ga ju òkun lọ ní 1,000 mítà, omi pàápàá ń hó ní nǹkan bí 97°C. Ohun tó ń ba adùn ọtí jẹ́ sì kéré débi pé imú àti ahọ́n ni ó ń mọ̀ ọ́n. Bí olùtajà bá ní ẹ̀rọ òun lè dá ya ọtí, ẹ bi í bóyá ó ń ṣírò agbára afẹ́fẹ́, àti bóyá ọwọ́ lè gba ìdarí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkigbà. Bí ẹ bá ń pọn ọtí lẹ́ẹ̀mejì, ìpọntí àkọ́kọ́, tí a kò ti ní í ya nǹkan kan sọ́tọ̀, ni ẹ lè fi lé e lọ́wọ́ pátápátá.

Ní ti ààbò, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi fi ọwọ́ nìkan ṣe é. Èéfín ẹ́tánọ́ọ̀lù lè gbiná bí ó bá ti tó nǹkan bí 3.3% nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà ohun tó ń pa ooru fúnra rẹ̀ nígbà tí omi tútù bá dá yẹ kí ó wà lára ẹ̀rọ èyíkéyìí. Àmọ́ fáàfù tó ń tú agbára ìkòkò sílẹ̀ kò gbọdọ̀ gbára lé iná mànàmáná. Àwọn ohun èlò iná tó wà nítòsí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí a ṣe fún ibi tí ìbúgbàmù ti lè ṣẹlẹ̀. Ní Yúróòpù, òfin ATEX ló ń darí èyí, ó sì ń fi kún owó gan-an.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ẹni tó ni ètò inú ẹ̀rọ olùdarí àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò ní in lọ́wọ́ ti di ẹrú olùtajà. Ẹ béèrè pẹ̀lú ipò tí fáàfù kọ̀ọ̀kan yóò wà bí iná bá lọ: ti ooru gbọ́dọ̀ pa dé, ti omi tútù gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀.

Ilé tó ń pọn ọtí kan náà lójoojúmọ́ lè ra adáṣiṣẹ́ pátápátá. Ẹni tó ṣì ń yí ọ̀nà ìpọntí rẹ̀ padà kí ó ra àfọwọ́darí tó ní ààbò adáṣiṣẹ́, kí ó sì ní kí olùṣe ti jó ojúhò sẹ́ńsọ̀ mọ́ òpó náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé lílu ihò sára òpó bàbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ le, owó rẹ̀ sì wọ́n.